Bí mo ṣe tún ààlà agbègbè ìdìbò ìgbìmọ̀ iléèwé pín lẹ́yìn ìkànìyàn 2020

Ní ìpínlẹ̀ Texas ni, ní ẹkùn iléèwé kan tí ọmọ ìgbìmọ̀ méje ń darí, tí agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ń dìbò yan tirẹ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sọ pé bí agbègbè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù bá fi ohun tó ju 10% lọ ju èyí tó kéré jù, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tún ààlà pín, ó pẹ́ jù, kó ku 90 ọjọ́ sí ìdìbò àkọ́kọ́ tó máa lo èsì náà. Kòrónà ti dá èsì 2020 dúró. Oṣù kẹjọ 2021 ló jáde, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin ló yẹ kó ti wà nílẹ̀, nítorí náà kò sí àyè ìmẹ́lẹ́.

Mo ṣe ìṣirò kí n tó fọwọ́ kan máàpù. Ká ní èèyàn 84,000 ló wà lẹ́kùn náà, agbègbè méje, 12,000 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó pọ̀ jù bá ní 12,960, ó fi 8% lé. Bí èyí tó kéré jù bá ní 11,160, ó fi 7% dín. Ẹ ro ó pọ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 15% ìpín 12,000, ó ti ju 10% lọ, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń gbébẹ̀ là ń kà o, tọmọdé tàgbà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2016 nínú ẹjọ́ Evenwel àti Abbott, Texas yìí kan náà ni ẹjọ́ ọ̀hún sì ti wá. Ọmọ Yorùbá tó ṣì ń lo green card ní Houston kò lè dìbò, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n fi ń pín ààlà.

Fáìlì méjì ni mo gbà lọ́wọ́ Census Bureau, àjọ tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì: iye èèyàn, tí wọ́n ń pè ní P.L. 94-171, àti máàpù TIGER/Line. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù, ni mo fi ṣí wọn. Búlọ́ọ̀kù ni ilẹ̀ tó kéré jù tí wọ́n ka èrò ibẹ̀ síta, nọ́ńbà 15 ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì fún ìpínlẹ̀, mẹ́ta fún káúntì, mẹ́fà fún tract (àkójọ búlọ́ọ̀kù), mẹ́rin fún búlọ́ọ̀kù gan-an. Nọ́ńbà yìí ló ń so fáìlì méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ gan-an sì lẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Bí ẹ bá fi Excel ṣí i, ó lè sọ ọ́ di nǹkan bíi 4.82E+14. Tí ẹ bá fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn á di òdo, kò sì ní sí búlọ́ọ̀kù tó máa bá ẹnì kejì rẹ̀ mu. Bí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kó o wọlé, kì í ṣe bíi nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n bá gbà láti data.census.gov tún ní 1000000US níwájú, ẹ gé e kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àpapọ̀ kò bá bá ti Census fún káúntì náà mu, ẹ má tíì fa ìlà kankan.

Ààlà ẹkùn iléèwé kì í sábà tẹ̀ lé ti ìlú tàbí ti káúntì. Mo gba ti ọ́fíìsì ẹkùn náà, mo gbé e lé ti Census, mo sì wo àwòrán sátẹ́láìtì níbi tí wọn ò ti ṣe déédéé, kí n lè mọ apá tí àwọn ilé wà.

Ẹ lè rí búlọ́ọ̀kù tó kún fún ọmọdé tí kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Ẹ má tún un ṣe. Census ló mọ̀ọ́mọ̀ po iye búlọ́ọ̀kù pọ̀ díẹ̀ kí àṣírí ẹnikẹ́ni má bàa tú, àṣìṣe yẹn sì máa ń dín kù tí wọ́n bá ro búlọ́ọ̀kù púpọ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún ẹni tó ní ká máa yí ìlà títí ìyàtọ̀ láàárín àwọn agbègbè á fi di òdo.

Máàpù àtijọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti etí ẹkùn ni kí ẹ ti máa mú búlọ́ọ̀kù kúrò lára agbègbè tó kún jù fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín, àṣẹ́kù á kó jọ sí etí, kò sì ní rí ibi lọ. Ọ̀nà ńlá, odò àti ọ̀nà rélùwéè ló dáa fún ààlà. Búlọ́ọ̀kù tí èèyàn ò gbé, bí omi àti àárín títì, gbọ́dọ̀ ní agbègbè tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi irinṣẹ́ Dissolve inú QGIS pa búlọ́ọ̀kù agbègbè kọ̀ọ̀kan pọ̀: èyí tó bá já sí ègé méjì, búlọ́ọ̀kù kan ti ṣìnà níbẹ̀. Kí igun búlọ́ọ̀kù kan kan igun òmíràn lásán kò tó láti so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gba lọ́yà. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965 kọ̀ kí wọ́n bomi la ìbò àwọn tó kéré níye, àwọn ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Shaw àti Reno (1993) sì kọ̀ kí ẹ̀yà jẹ́ olórí ìdí tí ìlà fi gba ibì kan láìsí ìdí tó lágbára.

Mo gbé máàpù náà lé ti àwọn precinct káúntì, ìyẹn agbègbè kéékèèké tí wọ́n pín àwọn olùdìbò sí. Ibi tí ìlà bá ti là precinct kan sí méjì, irú ìwé ìbò méjì ni wọ́n máa tẹ̀ fún un. Bí olùdìbò márùn-ún péré bá wà lápá kan, gbogbo ayé lè mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún. Mo máa ń yí irú ìlà bẹ́ẹ̀ padà, kódà bí ìṣirò bá fẹ́ bàjẹ́ díẹ̀.

Ní ìpàdé ìtagbangba, ìbéèrè tó máa ń pọ̀ jù ni: “Ṣé ọmọ mi máa pààrọ̀ iléèwé ni?” Rárá o. Ààlà tó ń sọ iléèwé tí ọmọ ń lọ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń sọ ẹni tí òbí máa dìbò yàn. Gàdàgbà ni kí ẹ kọ ọ́ sórí máàpù, nítorí ìbínú lórí ọ̀rọ̀ yìí lè gba gbogbo àsìkò ìpàdé.

Bí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ má fi PDF nìkan ránṣẹ́ sí káúntì, ìlà orí rẹ̀ nípọn tó láti bo odindi ilé. Shapefile, fáìlì máàpù tí ètò kọ̀ǹpútà lè kà, ni kí ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú fáìlì òpó méjì: nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù, nọ́ńbà agbègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àdírẹ́sì díẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní kí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò wá wọn lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, kí wọ́n tó tẹ káàdì olùdìbò tuntun.