Tí wọ́n bá ṣe opiréṣọ̀n ọ̀nà ọ̀fun fún èèyàn yín, ẹ má dán àwọn nǹkan wọ̀nyí wò o

Opiréṣọ̀n ti parí, túùbù tracheostomy (rọ́bà tí wọ́n gba iwájú ọrùn kì bọ ọ̀nà ọ̀fun kí aláìsàn lè máa gbabẹ̀ mí) ti wà lọ́rùn, mọ̀lẹ́bí ti ń dúpẹ́, àfi bí aláìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè, ẹnì kan á ní "ẹ jẹ́ kó sinmi jàre, ojú egbò ló ń dùn ún". Nínú gbogbo àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe, èyí ló burú jù lójú tèmi.

Ẹ ṣáà wò ó, orí ẹ̀dọ̀fóró yọ sókè díẹ̀ kọjá egungun èjìká tiwájú, tọmọdé tiẹ̀ tún ga ju tàgbà lọ, torí náà ọ̀bẹ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ọrùn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Tí awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó bá lu, tàbí tí túùbù bá yà gba ẹ̀gbẹ́ gògóńgò dípò kó wọ inú ẹ̀, tí wọ́n wá ń fi báàgì fún atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn yẹn lè lọ kó sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà, á wá máa tì í pọ̀ títí tí ò fi ní lè fẹ̀ mọ́. Òun ni wọ́n ń pè ní pneumothorax. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ tó bá dé kì í dúró deni.

Àyà á ṣàdédé máa dùn ún lápá kan, ọkàn á máa sáré, ẹ̀gbẹ́ kan lè má gbéra tó bá ń mí. Nígbà míì ọrùn á wú dé ojú, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà téèyàn rún nylon bisikíìtì. Atẹ́gùn ló wà lábẹ́ awọ yẹn o, ẹ má fi Robb ra á, ẹ má sì ní kí nọ́ọ̀sì so báńdéèjì le koko kí atẹ́gùn má baà jò, torí tí ojú ihò bá fún jù ni atẹ́gùn tó yẹ kó gbabẹ̀ jáde ṣe ń sá wọ abẹ́ awọ. Ẹ ṣáà pe dókítà.

Tí túùbù bá yọ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ má tì í padà. Ọ̀nà yẹn ò tíì jinná, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà. Ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì, túùbù míì yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan tó bá a mu àti ọ̀kan tó kéré sí i.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà ò mọ́ níbẹ̀. Tí BP (ìfúnpá) bá ń já wálẹ̀, tí mímí ò ṣeé ṣe mọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ò sì gbé atẹ́gùn, ìyẹn ti di tension pneumothorax nìyẹn, atẹ́gùn tó há sáyà ti ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, kì í ṣe àsìkò tí wọ́n á máa ti aláìsàn lọ X-ray, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi tú atẹ́gùn yẹn sílẹ̀ kíá, X-ray á wá tẹ̀ lé e.

Tí wọ́n bá wá fi rọ́bà sí ìhà ẹ̀, tí ìdí rọ́bà wà nínú ìgò olómi, àwọn èèyàn á rí i tó ń hó, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á fún rọ́bà pa. Áà! Atẹ́gùn tó ń jáde ni hóhó yẹn, tẹ́ ẹ bá dí i inú àyà ló máa kó sí. Ẹ má gbé ìgò ga ju àyà lọ tó bá ń lọ tọ̀, omi á ṣàn padà sínú ẹ̀.

Ẹ má sì fi ti èèyàn aládùúgbò tí wọ́n fi rọ́bà sí ìhà ẹ̀ wé tiyín. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dí ọ̀nà náà lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn opiréṣọ̀n, ìyẹn ò sì nílò rọ́bà ìhà, wọ́n á fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn jáde, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ṣe é ní Íńdíà tẹ́ ẹ fẹ́ tètè wálé, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn tó há sáyà á máa fẹ̀ sí i. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí X-ray bá ti fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ti kún padà, kẹ́ ẹ sì gba létà dókítà dání kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.