Iyán ẹyọ kan, sítíríìpù méjì: bí mo ṣe ń fi fóònù ṣọ́ ṣúgà ara mi

Aránṣọ ni mí, ní Ìjọ̀fì, n'Iléṣà. Ojú méjì ni tépù ọrùn mi ní: íǹṣì lójú kan, sẹ̀ǹtímítà lójú kejì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi ojú sẹ̀ǹtímítà wọn oníbàárà, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí íǹṣì, ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni dókítà sọ pé àtọ̀gbẹ ni, oríṣi kejì. Àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, gbé 9.1 jáde nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fún mi ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tàárọ̀ talẹ́, wọ́n ní kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, kí n sì máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mò ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, n kò mọ èyí tó jẹ́ ṣúgà mọ́ àti èyí tó jẹ́ ìbàdí ìyàwó olóyè.

Táyé, ọmọ mi tó ń gbé n'Ífẹ̀, ló wá gbé áàpù sórí fóònù mi. Ọ̀fẹ́ ni. Ó fi orúkọ oògùn mi sí i, ó ní kó máa pè mí láago méje àárọ̀ àti méje alẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún ìka. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ máa gún o, kì í dunni tó orí ìka, pàápàá ẹni tó ń fi ìka di abẹ́rẹ́ mú bíi tèmi. Ẹ̀rọ gbé 9.4 jáde, mo tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù. Ojú fóònù bá di pupa fòò! Ó ní ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, kí n tètè wá nǹkan dídùn sẹ́nu. Ọkọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó, ẹ má dìde!" Kí n tó sọ pé kò sóhun tó ń ṣe mí, ó ti gbé mọ́ọ̀tì tútù dé. Mo mu ún tán. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mo tún gún ìka: 15.2.

Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mmol/L ni ẹ̀rọ yín ń kà, mg/dL ni áàpù ń retí." Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, bí íǹṣì àti sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi 18 sọ 9.4 di púpọ̀, 169 ni, ó tiẹ̀ ga díẹ̀ ni, kò lọ sílẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 9 ní ti mg/dL kò ní lè jókòó máa tẹ fóònù. Ó tún ní metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá wá sísàlẹ̀ 3.9 lóòótọ́, òógùn lè bò ó, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, àyà á máa lù kì-kì-kì. Tépù olójú méjì ló pa mí lẹ́rìn-ín yìí o! N kò tíì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dòní. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wọ inú settings, kí ohun tí áàpù ń kà bá ti ẹ̀rọ yín mu.

Owó sítíríìpù ló kù, ìyẹn pébébé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kan ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ tó lè kà á, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gún ìka. Ó wọ́n, n kò lè máa gún ìka nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: sítíríìpù méjì fún oúnjẹ kan, ọ̀kan kí n tó jẹun, èkejì ní wákàtí méjì sí ìgbà tí òkèlè àkọ́kọ́ wọ ẹnu. Ọjọ́ Ajé fún oúnjẹ àárọ̀, Ọjọ́rú fún tọ̀sán, ọjọ́ Ẹtì fún talẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí n máa lé ni 4.4 sí 7.2 kí n tó jẹun, kó má sì tó 10 lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ibi oúnjẹ ni mo ti jà jù. Oúnjẹ òyìnbó kún inú áàpù náà bámúbámú, kò sí iyán, kò sí ẹ̀kọ. Mo pa ìyẹn tì, mo ń ya fọ́tò abọ́ mi, mo sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní Yorùbá. Ìjẹ̀ṣà ni mí, iyán ni mo kọ́kọ́ dán wò, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀: 7.0 di 14.6. Ó dùn mí wọra. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kí wọ́n bu èyí tó tó ìkúùkù mi, mo kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja, kí n tó kan iyán: 6.9 di 9.8. Ẹ̀kọ mímu tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó fúyẹ́ gbé mi dé 13.9. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ náà kò yọ mí, nítorí òkìtì ni mo jẹ. Ẹ̀wà ni kò já mi kulẹ̀.

Àìsíná máa ń pa fóònù, nítorí náà mo ra ìwé tuntun tí kò sí ìbàdí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo sì purọ́ fún áàpù lẹ́ẹ̀kan: mo jẹ ìrẹsì níbi ìkómọ, mo wọ̀n ọ́n, ohun tí mo rí kò dára, n kò tẹ̀ ẹ́ sí i. Àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn wá dára bí ẹni pé mo gbààwẹ̀. Inú mi dùn sí irọ́ tí èmi fúnra mi pa!

Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, áàpù kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú PDF, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi tọ́ka sí oúnjẹ àárọ̀, ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. HbA1c ti di 7.8. Ó ní kí n má fi oògùn sílẹ̀, kí n sì pààrọ̀ ẹ̀kọ.

Ìsìnkú ńlá kan wà ní Ìsọ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni mo rán aṣọ ẹbí. Mo ti ya sítíríìpù méjì sọ́tọ̀ fún un.