Ẹ Má Gbé Orúkọ Àrùn Lọ Bá Dókítà: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

"Dókítà, ibà ni. Ẹ ṣáà bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti ń wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná á ní ibà ni, ẹni tí orí ń fọ́ á ní ibà ni, ẹni tó kàn rẹ̀ náà á ní ibà ni. Ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín, ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ sọ orúkọ àrùn náà: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé òtútù máa ń gbọ̀n yín kí ara tó gbóná, ṣé ó máa ń lọ kó tún padà?

Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1975, 80 aláìsàn tuntun ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìwé tí wọ́n fi rán wọn wá àti ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ti tó láti mọ àrùn 66 nínú wọn. Wíwo ara ló tú àṣírí ti 7, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti irú rẹ̀ ló ran 7 tó kù lọ́wọ́.

Nínú àwọn orúkọ àrùn tí èèyàn máa ń gbé wá, jẹ̀díjẹ̀dí ló burú jù. Ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ á ti dájọ́ fún ara rẹ̀, á máa mu àgbo fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ lè jẹ́ ti iṣan ìdí tó wú lóòótọ́; ṣùgbọ́n èyí tó pò mọ́ ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun tàbí ọgbẹ́ inú. Dókítà lè fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ kó fi ìka kan yẹ inú ihò ìdí wò. Ẹ má tìtorí ìtìjú kọ̀ ọ́, kì í pẹ́ rárá.

Ẹ má fi ohun tí ẹ ti lò pamọ́. Parasitamọ́ọ̀ lè mú kí ara tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Òògùn apakòkòrò tí ẹ ti gbé mì lè mú kí àyẹ̀wò ìtọ̀ má rí kòkòrò kankan. Ẹ kó páálí òògùn náà dání. Àwọn dókítà kan máa ń jágbe mọ́ ẹni tó bá dárúkọ àgbo, ohun tí kò dáa ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Àrùn ìdílé ńkọ́? Torí ìwádìí ìgbéyàwó làwọn èèyàn fi ń bò ó, dókítà kò sì wá fẹ́ ìyàwó. Ìyá ọkọ pẹ̀lú, ẹ ní kí wọ́n dúró síta díẹ̀: ìyàwó kì í lè sọ ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn níwájú wọn.

Ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ti yunifásítì LAUTECH tàbí ti Bowen, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà lè bi yín, kí dókítà àgbà tún bi yín. Ẹ má bínú, ẹ má sì gé e kúrú. Ohun tí ẹ gbàgbé lẹ́ẹ̀kínní lè jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Tó bá kan wíwo ara, ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, torí ó lè tan ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ jẹ. Làálì kò ṣeé nù, ẹ kàn sọ pé òun ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tó ń bá nọ́ọ̀sì tàkúrọ̀sọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lọ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú àyà. Ẹ bọ́ ọwọ́ aṣọ kúrò. Ẹ má ká a sókè kó máa fún apá.

Ní ti inú rírun, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ikùn pé "gbogbo ibí yìí ni". Ìka kan ni kí ẹ fi tọ́ka: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó wà báyìí. Ìrora tó bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, a máa jẹ́ kí dókítà fura sí apẹ́ńdísì, ìyẹn ẹ̀ka ìfun kékeré kan tó wú. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè kí ikùn lè dẹ̀, ẹ má sì ṣe akin: ibi tí dókítà bá tẹ̀ tó dùn yín, ẹ sọ ọ́, tó bá sì jẹ́ ìgbà tó gbọ́wọ́ kúrò ló dùn jù, ẹ sọ ìyẹn náà.