Ìbọn Dún Nílé Ìwé: Àṣìṣe Ẹ̀yin Akọ̀ròyìn Tuntun Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí. Bí a bá ti gbọ́ pé agbébọn wọ ilé ìwé kan, kì í pẹ́ tí fóònù mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ti háyà mọ́tò, ẹnì kan ti yá dúróònù, ẹnì kan ti sanwó fún fídíò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì bá fi máa pé, owó ti tán, ìròyìn tó sì gbé jáde kò yàtọ̀ sí èyí tí alukoro ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, ẹ ti kọ́ ìyẹn níléèwé. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ yé ra fídíò. Ẹni tó ń tà á fún ọ ti tà á fún ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ibi tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀. Gé àwòrán kan nínú rẹ̀, fi wá a lórí Google, kí o sì fojú sí aṣọ ọlọ́pàá, nọ́ḿbà mọ́tò àti èdè tí àwọn èèyàn fi ń ké.

Èkejì, ẹ má fún ẹlẹ́rìí lówó. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ńṣe ni ìtàn á máa gùn sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ má kánjú dárúkọ afurasí. Ní December 14, 2012, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan pa ọmọdé 20 àti àgbà 6 nílé ìwé Sandy Hook ní Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ńláńlá kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n yẹn ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì ti kárí ayé kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ṣì í mú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù wá nìyí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba tàbí ọlọ́pàá bá sọ, ẹ máa ń gbà á bí ẹni gba àdúrà, ẹ ó sì kọ́ gbogbo ìwádìí yín lé e lórí. Ẹ wo ìlú Uvalde, ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ní May 24, 2022, ọmọ ilé ìwé 19 àti olùkọ́ 2 ni wọ́n pa ní ilé ìwé Robb Elementary. Lọ́jọ́ kejì, gómìnà ń yin àwọn agbófinró pé wọ́n sáré kojú ìbọn. Wọ́n ní ọlọ́pàá ilé ìwé kan ti dojú kọ agbébọn náà níta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ kan ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí tí apànìyàn fi ráyè wọlé. Fídíò fi hàn pé obìnrin náà ti ilẹ̀kùn, àgádágodo rẹ̀ ni kò mú. Ẹ rò ó wò ná: olùkọ́ tí orí kó yọ, tó ń sunkún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, tí gbogbo ayé tún ń nàka sí pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ikú.

Kí ló tú àṣírí náà? Aago ni. Àwọn akọ̀ròyìn tó dúró ti ọ̀rọ̀ yẹn, bíi ti Texas Tribune, ProPublica àti Austin American-Statesman, kó fídíò àti ìpè fóònù jọ, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Aago 11:33 ni agbébọn náà wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago 12:50 ni wọ́n tó wọ kíláàsì. Ìṣẹ́jú 77, bẹ́ẹ̀ agbófinró 376 ló wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú fídíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Statesman gbé jáde ní July, ẹ ó rí agbófinró kan tó dé akoto, tó rìn lọ síbi ògiri, ó tẹ sánítáísà, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́, sọ́wọ́, ó ń fi ra ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń pe 911, nọ́ḿbà pàjáwìrì wọn.

Nílé wa ńkọ́? Ní April 2014, àwọn ológun ní ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Chibok tí Boko Haram jí gbé ti gba òmìnira, pé ó ku mẹ́jọ péré. Kò pẹ́ tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ọmọ 276 ni wọ́n kó lọ. Ní Kuriga, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ní 2024, wọ́n ní ọmọ ilé ìwé 287 ni wọ́n jí gbé. Nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n padà, 137 ni ológun kéde. Níbí gan-an, nígbà tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022, àwọn kan ní òkú lé ní 50, ìjọba ìpínlẹ̀ wá fẹnu kò sí 40. Iye kì í ṣe ìwádìí. Orúkọ ni kí ẹ kó jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹbí tó lè jẹ́rìí sí i àti ilé ìwòsàn tàbí ibojì tó gbà á.

Ẹ ra ìwé ńlá kan, ẹ fa ìlà sí i: aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Nígbà kan tí ìbọn dún lẹ́bàá ilé ìwé kan lápá Àkókó, àwọn agbófinró ní kíá làwọn dé. Ìyá alákàrà tó ń tajà lódìkejì ọ̀nà ò bá wọn jiyàn. Ó ṣí fóònù rẹ̀ fún mi, ó tẹ ohùn tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀: 1:52, ìbọn ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tẹ òmíràn: 2:47, ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bọ̀ o." Kò sẹ́ni tó lè já ìyẹn ní koro. Àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù òbí, rìsíìtì POS, ìwé tí nọ́ọ̀sì fi gba aláìsàn wọlé, gbogbo rẹ̀ ló ní aago lára. Kámẹ́rà ilé epo náà ní, àmọ́ aago rẹ̀ lè má pé. Ẹ fi wé ti fóònù yín kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kì í kọ lẹ́tà! Òfin òmìnira ìròyìn (FOI), tó jẹ́ kí ẹ lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ti wà láti 2011. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba kọ́ọ̀tù lọ. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní òfin Àbújá ni, kò kan ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pa ẹnu ìyẹn mọ́ ní April 2025. Ẹ má kọ "gbogbo àkọsílẹ̀" sínú lẹ́tà o. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: ìwé tó fi hàn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọgbà ilé ìwé náà, ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín.

Ẹni tó bá sì wọlé ọlọ́fọ̀, tó ní "omi ló dànù, agbè ò fọ́," kó má fa máíkì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ kí wọn, ẹ padà sílé. Ìyá tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á pè yín nígbà tó bá yá. Ọmọ tó rí ikú, ẹ má bi í ní ohunkóhun láìsí òbí rẹ̀ níbẹ̀, àní bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀.

Owó ńkọ́? Ní December 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìdáàbòbò ilé ìwé jáde, ₦144.8 bílíọ̀nù, láti 2023 sí 2026. Ta ló ti lọ wo ilé ìwé ìjọba kan ní Ìfọ́n tàbí Ìdànrè bóyá ọgbà wà, bóyá géètì ń tì?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń kúrò níbẹ̀ tí wọ́n bá ti sin òkú tán. Ní Uvalde, August 2024 ni ìjọba ìlú tó kó ìwé àti fídíò tirẹ̀ jáde, ọ̀dún kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìwé ṣe tiwọn, lẹ́yìn tí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ti Ọ̀wọ̀ náà kò tíì tán. Ní June 2022, ìjọba àpapọ̀ ní ISWAP, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí kan, ló ṣe é. Nígbà tí DSS, àwọn ọlọ́pàá inú, gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ní August 2025, al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí mìíràn, ni ìwé ẹ̀sùn pè wọ́n. Ta nínú yín ló ti béèrè ohun tó yí orúkọ náà padà? Kọ́ọ̀tù ni ìwé ẹ̀sùn yẹn wà. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ẹ béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fòǹtẹ̀ lù, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ tún kàn.