Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Náwó Sí Ìbò Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Under-G níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́: ká tẹ ìwé, ká tẹ̀ ẹ́ jáde, ká bá àwọn ọmọ LAUTECH forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìbò Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn bàbá tó wá ṣe fọ́tókọ́pì á na fóònù wọn sí mi: "Ìyá Dámilọ́lá, bá wa wò ó bóyá òótọ́ ni." Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń jẹ́. Olówó kan ti ra ìbò, ilé-iṣẹ́ kan ti ra ààrẹ. Bí mo ṣe ń wò ó rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ bèèrè àpò tí owó náà bọ́ sí. Àpò olùdíje fúnra rẹ̀ ní òdiwọ̀n. Fún ìbò 2024, ẹnì kan kò gbọdọ̀ fún olùdíje kan ní ju $3,300 lọ fún ìdìbò abẹ́lé, àti $3,300 mìíràn fún ìdìbò gbogboogbò. Ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mú nínú owó rẹ̀ fún un rárá, òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1907. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ẹnì kan fún olùdíje ní mílíọ̀nù 50, kì í ṣe àpò yẹn ló lọ. Super PAC ni, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń náwó lórí ìbò láyè ara rẹ̀, tí kì í ṣe àpò olùdíje. Láti 2010, tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ Citizens United, tí ilé-ẹjọ́ mìíràn sì tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, iye tó bá wu èèyàn ló lè kó sí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹgbẹ́ náà kò bá ti bá olùdíje gbìmọ̀ ìnáwó. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ má bi mí bóyá wọ́n ń pa á mọ́. Ọ̀nà yìí ni Elon Musk gbà ná ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ ní 2024 láti gbè lẹ́yìn Trump àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ lọ sí fec.gov. Àjọ tó ń bójú tó owó ìdìbò ìjọba àpapọ̀ wọn ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Campaign finance data sí, ẹ tẹ Individual contributions, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ ẹni náà. Tí kò bá gbé nǹkan kan wá, ẹ wo ọdún: ọdún méjì-méjì ni wọ́n pín in sí, èyí tó sún mọ́ jù ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ yí i sí 2023–2024. Tó bá jáde, ẹ má wo iye nìkan. Ẹ wo ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á, àti ibi tí olówó náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi iṣẹ́ yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. WhatsApp á gbé e pé Google fún Kamala Harris, tó bá Trump díje ní 2024, ní mílíọ̀nù báyìí-báyìí. Google kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló fi owó ara wọn ṣe é, wọ́n kọ ibi iṣẹ́ wọn sí fọ́ọ̀mù torí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́, ni ẹnì kan bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí olùkọ́ LAUTECH kan bá yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣé a máa ní LAUTECH ló fún wọn?

Ní tèmi, owó tó lórúkọ kì í bà mí lẹ́rù tó èyí tí kò ní. Owó Musk, ẹ̀ báà kórìíra rẹ̀, ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé super PAC mìíràn, ẹ wo àwọn tó fún un lówó, ẹ ó rí i pé ẹgbẹ́ kan ló fún un, kì í ṣe èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wá ẹgbẹ́ yẹn náà lọ, ẹgbẹ́ aláìlérè ni, irú èyí tí òfin kò fi dandan mú láti dárúkọ àwọn tó ń bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, tí í ṣe ti Trump, ń lò ó, ẹgbẹ́ Democrat náà ń lò ó. Níbi tí orúkọ bá ti pin, ẹ sọ pé ó pin. Ẹ má fi orúkọ Soros tàbí Koch, àwọn olówó tí wọ́n máa ń dárúkọ ṣáá, dí àlàfo náà.

Ẹni tó bá ń sọ pé owó ló ń mú ìbò, ẹ sọ ti Bloomberg, olówó ńlá kan, fún un. Ní 2020, ó ná nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là owó ara rẹ̀ láti di olùdíje Democrat. American Samoa, erékùṣù kékeré kan lábẹ́ Amẹ́ríkà, nìkan ló ti borí.

Tó bá wá jẹ́ magomágó ni wọ́n ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi. Ní 2020, Republican ló ń pariwo. Wọ́n tún ìbò ìpínlẹ̀ Jọ́jíà kà, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Biden ṣì fi nǹkan bíi 12,000 borí, Republican ló sì wà nípò akọ̀wé ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Ní 2024 tí Trump wọlé, ariwo wọn rọlẹ̀. Ó wá kan àwọn kan lápá kejì, wọ́n ní Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì Musk, ló yí ìbò. Bàbá tíṣà, oníbàárà mi tó rí Wẹ́tìẹ̀ 1965, ní òun kò rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ìwé ìbò wà tí wọ́n lè tún kà. Ní ibi tó pọ̀ jù lọ, ó wà. Ẹ má sì wá INEC wọn kiri, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ níbẹ̀, eléyìí kàn yín. Ọmọ Bàbá tíṣà ń kàwé ní Houston, ni olùdíje kan bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọrọ $25 lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ lórí físà ilé-ìwé kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹni tó ní green card lè dá. Ọmọ náà lè fi ọwọ́ rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba owó, kó sáà má jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ìnáwó. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, kó fi STOP dá a lóhùn. Òmíràn lè wọlé láti nọ́ńbà mìíràn, kó tún fi STOP ránṣẹ́ síyẹn náà.