Aago Lọ́ńdọ̀nù ló gbowó lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe jẹ́ kí aráàlú máa gba àkókò fúnra wọn lórí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì mi

Owó tí mo dá padà fún àwọn oníbàárà ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 ju èrè tí mo jẹ lóṣù náà lọ, wákàtí kan péré ló sì fà á. NEPA kò múná lọ, dátà kò tán, ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́. Aago ni. Aago Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tí mo sanwó fún so rédíò wa ní Ṣómólú mọ́, kò sì sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ mi ló ti ń béèrè bí mo ṣe ṣe é tí àwọn èèyàn fi ń gba àkókò fúnra wọn, tí wọ́n ń wọlé ṣe ètò wọn, tí wọ́n ń jáde, láìjẹ́ pé mo jókòó tì wọ́n. Màá sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ aago yìí ló ń dùn mí jù, òun ni màá sì pẹ́ lé lórí.

Ẹni tó bá ti ra àkókò rí ní ilé iṣẹ́ rédíò mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ó sanwó ṣáájú, ẹ ó wá onígbọ̀wọ́ títí bàtà yín á fi jẹ, bí wọ́n bá sì fi ètò pàtàkì kan gba àkókò yín lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó gba kámú ni. Èyí ló jẹ́ kí n bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ni mo kọ́kọ́ ń sanwó fún lóṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì gbéra, kò sì tó ọdún kan tó fi kọjá 1,400. Dọ́là tí mo ń san kò yí padà. Náírà tó ń jáde lápò mi ló di ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n tún wá ń gba owó ọ̀tọ̀ lórí ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ fún ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà yẹn, orí WhatsApp ni àwọn èèyàn ti ń gba àkókò lọ́wọ́ mi. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ aago méje Sátidé, màá ní ó dáa, kí n tó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹlòmíràn ti fowó ránṣẹ́ fún aago kan náà. Wọ́n á pè mí lóru kí n wá ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí n wá ti ilẹ̀kùn. N kò lè rìnrìn àjò. Bí mo bá lọ sí ìnáwó ní Ìbàdàn, fóònù kò ní kúrò létí mi.

Ohun tí mo gbé rédíò mi sí ni AzuraCast, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí rédíò náà ń gbé, tó wà ní Jámánì tí mo háyà, ni mo ń sanwó fún, ó sì kéré gan-an sí ohun tí mo ń san tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí server, ìtọ́sọ́nà rẹ̀ wà káàkiri, n kò ní tún un sọ. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ẹ lè fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì tan ohun tí wọ́n ń pè ní Enforce Schedule Times. Bí àkókò rẹ̀ kò bá tíì tó, kò lè wọlé, ó di ọjọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kankan lórí afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á máa fi orin tí mo ti kó síbẹ̀ dí àyè náà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà á lo Web DJ, á kàn ṣí i lórí Chrome, á tẹ̀ ẹ́, á sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ rí i dájú pé líǹkì yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù kò ní jẹ́ kó lo máìkì.

Mo wá wá ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pé kó bá mi ṣe ojú ìwé tí àwọn èèyàn á ti máa yan ọjọ́ àti aago, kí wọ́n sanwó níbẹ̀, kí AzuraCast sì gbà á láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Paystack la lò fún owó. Wọ́n ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń fi 100 náírà lé e bí owó náà bá tó 2,500. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi wákàtí kan sí 2,000 náírà, 30 náírà péré ni wọ́n ń yọ níbẹ̀. Mo fi ohùn sí 64 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní jẹ dátà ju nǹkan bíi 29 megabyte lọ ní wákàtí kan. Bí mo bá fi sí 128, ìlọ́po méjì ni, àwọn èèyàn wa á sì sá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, ó sì dùn mọ́ mi. Màmá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Òyìngbò, tó máa ń kéwì, tó sì máa ń ki oríkì ìdílé fún àwọn tó bá béèrè. Kò wọ ilé iṣẹ́ rédíò rí láyé rẹ̀. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan tó wà lórí afẹ́fẹ́. Ó gbé fóònù ti àpò èlùbọ́, ó ki íápíìsì bọ etí kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń ki ọmọ Olúfẹ̀ lọ ràì, ó sì ń fọwọ́ júwe iye kóńgò fún ẹni tó wá rajà, kò dákẹ́, kò sì ṣì í. Ó yan aago rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sanwó fúnra rẹ̀, kò pè mí. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé.

Oṣù kẹjọ la bẹ̀rẹ̀. Kò síjà, kò síta, títí di ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kẹwàá.

Ìjọ kan ní Bàrígà ló gba aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, ètò àdúrà. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni arábìnrin tó ń bá wọn mójú tó ẹ̀rọ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yín ò gbà wá wọlé."

Mo ní kó tún pásíwọ́ọ̀dù kọ, pé lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀.

"A ti kọ ọ́ títí, ẹ̀gbọ́n. Àwọn èèyàn ti wà lórí líǹkì. Fújì ni wọ́n ń gbọ́."

Ìjọ tó ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ti jí láti òru. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Aago méje géérégé, ẹ̀rọ gbà wọ́n wọlé. Àlùfáà kan ní Mùṣín ló sì ni aago méje, àsàlátù rẹ̀ ló fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́, ó ti fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, orin ẹ̀mí ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, àsàlátù ni mo sanwó fún. Kí ló dé?" Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí fún àlùfáà ní aago mẹ́jọ, ẹni tó ni aago mẹ́jọ ti ń pè mí. Bó ṣe ń gba ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn títí di alẹ́.

Mo pe ọmọkùnrin tó bá mi ṣe é. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni. Mo ní ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bàrígà, Mùṣín àti Òyìngbò ló jọ bàjẹ́ lójú kan? Ó ní kí n yí pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn padà. Mo yí i, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yàtọ̀. Ó ní òun á pa server, òun á tún un tàn. Ó tàn án, bákan náà ni. Ó ní kí n ra ráútà tuntun, mo rà á, nígbà tó jẹ́ pé ráútà mi kò sí níbi tí ọ̀rọ̀ yìí wà rárá. Ẹ wo owó!

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé ó gbé àkọsílẹ̀ server wá, ó ní kí n wò ó fúnra mi: 05:02 ni ìjọ Bàrígà gbìyànjú láti wọlé. Ó ní àwọn ni wọ́n tètè dé, pé ilẹ̀kùn kò tíì yẹ kó ṣí. Mo bi arábìnrin yẹn. Ó ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, ìpè tó pè mí lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Rìsíìtì rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Ojú ìwé tó ti gba àkókò ní aago mẹ́fà. Gbogbo ibi tí ojú lè rí, aago mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Aago Greenwich, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, ni server fi ń kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pè é ní márùn-ún. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ kò sọ ìyẹn fún mi, ó fẹ́ kí n lọ máa bá oníbàárà mi jà.

Àbúrò kan tó ń gbọ́ wa láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló tú àṣírí náà. Mo ti kọ ọ́ sórí ìkànnì WhatsApp wa pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ètò pẹ́ ní wákàtí kan. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò pẹ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa, aago mẹ́fà géérégé ló bẹ̀rẹ̀. Àbí torí pé wọ́n yí aago padà níbí lóru àná ni?"

Ara mi bù máṣọ. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe rédíò náà, mo wo Time Zone, ìyẹn aago ìlú tí rédíò náà ń tẹ̀lé. Europe/London.

Láti ọdún 1919 ni aago wa ti wà ní wákàtí kan níwájú ti Greenwich, a kì í sì í yí i nínú ọdún. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń ti tiwọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Láàárín ìgbà yẹn, aago Èkó àti tiwọn dọ́gba. Oṣù kẹjọ ni ọmọkùnrin yìí ṣiṣẹ́: ó rí i pé méjèèjì bára mu, ó mú Lọ́ńdọ̀nù, ó kọjá lọ. Africa/Lagos wà níbẹ̀ gbangba, ó fojú fò ó. Ojú ìwé tí àwọn èèyàn ti ń gba àkókò ń tẹ̀lé aago fóònù wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo nǹkan dà bíi pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni AzuraCast ń tọ́jú, 600 fún aago mẹ́fà, 700 fún méje. Aago ìlú tí wọ́n bá yàn fún rédíò náà ló fi ń ka nọ́ńbà yẹn. Aago mẹ́fà Lọ́ńdọ̀nù ti di aago méje wa láti òru ọjọ́ yẹn.

Mo yí i sí Africa/Lagos, mo pa á, mo tún un tàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú kan yìí ni mo fi gbogbo owó yẹn wá! Nígbà tí mo sọ fún ọmọkùnrin náà, ó ní iṣẹ́ tuntun nìyẹn, kí n fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. N kò fún un ní kọ́bọ̀. Mo dá owó gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn padà, mo sì fún àlùfáà àti ìjọ náà ní àkókò ọ̀fẹ́ lé e. Àlùfáà padà wá. Ìjọ náà kò padà wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín ṣe é ṣí Time Zone hàn yín lójú ara yín, ẹ má gba àlàyé ẹnu. Ẹ kọ "aago Èkó" sára ìwé ìpolówó àti rìsíìtì, torí àwọn èèyàn wa ní Houston náà ń gbọ́ yín, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni Amẹ́ríkà sì ń dá aago tiwọn padà. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáàárín ètò méjì. Àdúrà kì í parí lásìkò, ìwàásù kì í parí lásìkò, ẹni tó kàn kò sì ní fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta ọdún 2025, Lọ́ńdọ̀nù tún ti aago wọn síwájú. Ọjọ́ náà ló bọ́ sí ìtúnu ààwẹ̀ níbí. N kò sùn. Ìjọ mìíràn ló wà ní aago mẹ́fà, ó wọlé ní aago mẹ́fà. Àlùfáà Mùṣín ló gba aago méje, kábàrà ló fi bẹ̀rẹ̀, kò yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má san owó iṣẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà o. Bí wọ́n bá bá yín ṣe é láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ẹ dá ìdajì dúró títí oṣù kọkànlá á fi wọlé.