Bí mo ṣe kọ ìtàn amí tí Kristẹni lè kà

Ó ti pẹ́ tí ìtàn amí ti ń wù mí kọ, irú èyí tí ọ̀rọ̀ òṣèlú máa ń wà nínú ẹ̀ tí èèyàn ò ní lè gbé sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ èyí tí mo bá ti mú, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dé orí bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì lè gbé irú ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi ọjọ́ tí mo ka Sámúẹ́lì Kejì orí 15 dé 17 láìdúró. Ábúsálómù dìtẹ̀ mọ́ Dáfídì ọba, bàbá ẹ̀, bàbá sá kúrò ní Jerúsálẹ́mù, ó wá rán Húṣáì ọ̀rẹ́ ẹ̀ padà kó lọ máa ṣe bí èèyàn Ábúsálómù. Amí pọ́ńbélé!

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ìtàn, alaalẹ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ibi tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni ti àwọn àlè Dáfídì, Áhítófẹ́lì, agbani-nímọ̀ràn Dáfídì tó ti lọ bá Ábúsálómù, ló ní kí Ábúsálómù wọlé tọ̀ wọ́n, mi ò sì lè fò ó torí òṣèlú gan-an nìyẹn, kí gbogbo Ísírẹ́lì lè mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ò tún lè rẹ́ mọ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bíbélì fúnra ẹ̀ ló là mí lọ́nà: wọ́n pàgọ́ fún Ábúsálómù lórí òrùlé. Mo wá jẹ́ kí obìnrin kan tó ń pọnmi bọ̀ gbójú sókè rí àgọ́ yẹn, ó sọ omi kalẹ̀, ó fi ìborùn bo ọmọ ẹ̀ lójú. Mo dúró síbẹ̀, ó sì wúwo ju gbogbo ohun tí mo ti pa rẹ́ lọ.

Ó wá ku irọ́ tí Húṣáì pa. Mo gbàdúrà lé ìyẹn gan-an. Nígbà tí Húṣáì dé iwájú Ábúsálómù, "Kí ọba ó pẹ́!" ló sọ, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ lọ kà á, kò dárúkọ ọba kankan. Nínú ìwé tèmi, Dáfídì ló ń rò bó ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ mi ò fọ̀ ọ́ mọ́ jù, torí ó ṣèlérí pé òun á sin ọmọ bí òun ṣe sin bàbá, irọ́ nìyẹn, mi ò jẹ́ kó rí oorun sùn lóru yẹn.

Áhítófẹ́lì fẹ́ kó 12,000 ọkùnrin lé Dáfídì lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Húṣáì ló dá a dúró, ó wá ránṣẹ́ sí Dáfídì nípasẹ̀ Jónátánì àti Áhímáásì, àwọn ọmọ àlùfáà, àwọn yẹn sá wọ inú kànga ní Báhúrímù, obìnrin ilé náà ta aṣọ bo ẹnu kànga, ó da ọkà lé e. Mo dán an wò ní kànga ilé wa. Bí mo ṣe da àgbàdo sí i báyìí aṣọ tẹ̀ wọnú láàárín, ẹni tó bá kọjá á ti mọ̀ pé ihò ló wà lábẹ́ ẹ̀, àfìgbà tí mo fi òkúta tẹ etí ẹ̀ yíká kó lè le. Mo fún obìnrin yẹn ní òkúta mẹ́fà. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń tò wọ́n, àwọn èèyàn Ábúsálómù sì ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Bíbélì ò dárúkọ ẹ̀, èmi náà ò sì sọ ọ́ lórúkọ.